Ẹ Jẹ́ Kí A Tọ́jú Ojú Ogun Kírìjì

Ọ̀rọ̀ ibi tí àwọn baba wa ti jagun ni mo mú wá fún yín lónìí.

Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilẹ̀ olókè kan wà. Ẹni tí kò gbọ́ ìtàn yóò gba ibẹ̀ lọ sí oko rẹ̀, kò ní wẹ̀yìn wò. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn. Ìbàdàn tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàárín òkè wọ̀nyí ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Àwọn òpìtàn a máa kà á láti 1877 sí 1893.

Kí ló fà á? Ìbàdàn a máa fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ fi ń jẹ ará ìlú pọ̀ jù. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí kọ̀, ó fa idà yọ, àwọn ìlú sì para pọ̀. Lẹ́yìn náà ni Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá ṣe olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ni ó ṣáájú Ìbàdàn. Ojú ogun náà ni ó kú sí ní 1885.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè bi mí pé, "Tíṣà, ta ni ó ṣẹ́gun?" Ọmọ mi, kò sí ẹni tí ó kó bùdó ẹnì kejì. Àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín ìhà méjèèjì, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Wọ́n dáná sun bùdó, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìyangàn. Ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkìtì lè dúró níbẹ̀ pọ̀, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ni a óò fi hàn wọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá parẹ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn jagunjagun fi gbé inú bùdó. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáná, wọ́n jẹun. Ilẹ̀ a máa pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá wú ọta ìbọn, tí ó gbé e lọ sílé, irin lásán ni ó mú lọ. Ibi tí ọta náà sùn sí ni ìbá sọ fún olùwádìí ibi tí ìjà gbé le. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì pe àgbà.

Òfin wà fún irú ibi bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ṣe ní 1953 ni a fi òfin 1979 rọ́pò. Ìjọba lè kéde ibì kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kí ẹnikẹ́ni má lè bà á jẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìkéde nìkan kò tó. A kéde Ilojo Bar ní Èkó ní 1956. Síbẹ̀, ní 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ìwé kì í ṣọ́ ilé. Ènìyàn ní í ṣọ́ ọ.

Àwọn wo ni yóò ṣọ́ Kírìjì? Àwọn tí ó ń dáko níbẹ̀ ni. Bí a bá gba ilẹ̀ wọn láìsan nǹkan kan, wọn yóò di ọ̀tá ohun ìrántí náà. Kí a bá wọn jíròrò, kí a san ẹ̀tọ́ wọn, kí a sì fi wọ́n ṣe olùṣọ́. Kí àwọn àgbà mú ọ̀dọ́ rìn yí ààlà ká, kí àwọn olùkọ́ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí a wẹ̀yìn, kí a má rí nǹkan kan. Ó dàárọ̀ o.