Bàbá Tí Kò Tíì Gbéyàwó, Ọmọ Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti bímọ, ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹ rò pé ó parí. Lóòótọ́, àṣà wa ka ọmọ tí bàbá gbà sí ọmọ. Ní 1955, nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt, ilé ẹjọ́ gbà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pín ogún. Ṣùgbọ́n ogún nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ lónìí, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkìtì ti sọ di tirẹ̀, fún yín ní ọ̀nà méjì: kí ẹ bá ìyá ọmọ ṣe àdéhùn, tàbí kí ẹ lọ sílé ẹjọ́. Àdéhùn ni mo fara mọ́. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìyá ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹbí rẹ̀ nìkan. Ẹ kọ ibi tí ọmọ yóò máa gbé, ọjọ́ tí ẹ óò máa rí i, iye owó oúnjẹ àti ti ilé ìwé. Ẹ má kọ “nígbà tí ọwọ́ bá dẹ̀”. Ebi kì í dúró de ìyẹn. Kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá gbọ́ra yín yé, ire ọmọ ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ariwo yín.