Sárésáré Tó Ń Gbé Irin

[Ìró ẹsẹ̀ nínú iyanrìn. Ìró òkun lẹ́yìn rẹ̀. Kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]

ASỌ̀TÀN: Portsea rèé, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọdún 1958 la wà. Òkìtì iyanrìn ibẹ̀ ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé e, iyanrìn á yẹ̀, á sì fà á padà sísàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún kan ń sáré gun òkìtì yìí, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gùn ún. Herb Elliott lorúkọ rẹ̀. Bó bá kúrò nídìí iyanrìn, ìdí irin ló ń gbà lọ, irin tó wúwo gidi. Percy Cerutty, bàbá tó ń kọ́ ọ, ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà yẹn. Síbẹ̀, ohun tó bá ní kí àwọn ọmọ ṣe, òun náà á bọ́ṣọ sílẹ̀, á ṣe é.

Lásìkò yẹn, èèwọ̀ ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ka irin sí fún sárésáré. Wọ́n ní irin á mú kí ara ki, àti pé ara tó bá ki kò ní lè sáré jìnnà. Cerutty kọ̀ jálẹ̀. Ìlera tirẹ̀ ti dojú rú ní 1939, ó sì máa ń sọ pé eré sísá, oúnjẹ tí iná ò kàn àti irin gbígbé ló gbé òun dìde. Ohun tó rí lára ara rẹ̀ ló fi ń kọ́ wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1958 yẹn kan náà, ní ìlú Dublin, Elliott sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 54.5. Kò sẹ́ni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ní Òlíńpíìkì Róòmù, ọdún 1960, ó sá mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 35.6, ó tún ju gbogbo ẹni tó ti sá a rí lọ. Michel Jazy ará Faransé tó ṣe ipò kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbẹ́yìn rẹ̀. Látìgbà tí Elliott ti di géńdé títí tó fi fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò borí rẹ̀ nínú eré máìlì tàbí ti mítà 1,500.

[Ariwo èrò ní pápá ìṣeré. Kó lọ sílẹ̀.]

ASỌ̀TÀN: Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣòdodo. Ní Róòmù yẹn náà, ọmọ New Zealand méjì gba wúrà lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Peter Snell ní mítà 800, Murray Halberg ní mítà 5,000. Arthur Lydiard ló kọ́ àwọn méjèèjì, Lydiard kò sì ka irin sí. Ta ló wá jàre? Lójú tèmi, ọ̀nà wọn ò jìnnà síra tó bí èèyàn ṣe lè rò. Lydiard máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, á ní kí wọ́n máa fò gùn ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí orúnkún ga, kí ọrùn ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ dáadáa. Ẹrù ni wọ́n ń gbé. Ara wọn ni ẹrù náà.

Ẹnì kan lè ní: kí ló kan èmi tí mò ń sá kìlómítà 10, 21 tàbí 42 nínú ọ̀rọ̀ mítà 1,500? Ìbéèrè gidi ni, Finland ni ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù sì ti wá. Ní 1999, Leena Paavolainen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn sárésáré tó mọṣẹ́ sí ọ̀wọ́ méjì. Wọn ò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lára wákàtí ìdánrawò ọ̀wọ́ kan, wọ́n wá fi fífò, eré kúkúrú àsápajúdé àti irin tí wọ́n ń gbé kíákíá rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀wọ́ yìí ń sá kìlómítà 5 yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ èémí wọn ò gbòòrò sí i o: ìwọ̀n ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ tí ara wọn lè lò kò gòkè. Níbo wá ni eré náà ti wá?

Ní 2008, Øyvind Støren àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway mú sárésáré 17. Ọ̀wọ́ kan ń bá eré wọn lọ, wọ́n tún ń gbé irin lé èjìká, wọ́n ń lóṣòó dé ìdajì, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré kí wọ́n tó sinmi, ìpele mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irin náà wúwo débi pé ẹ̀ẹ̀karùn-ún ò ní ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n parí, ọ́síjìn tí wọ́n ń ná lórí eré kan náà ti fi ìdá 5 nínú 100 dín kù. Ní eré tó sún mọ́ òpin agbára èémí wọn, àkókò tí wọ́n lè fara dà á fi ju ìdá 20 nínú 100 gùn sí i. Ìwọ̀n ara wọn ò sì yí padà.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́rin sá màrátọ́ọ̀nù, bó bá ń gbé ẹsẹ̀ 170 ní ìṣẹ́jú kan, á fẹsẹ̀ balẹ̀ ju ìgbà 40,000 lọ. Nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara ló ń bà lé e. Iṣan gìgísẹ̀, èyí tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ gìgísẹ̀, á nà, á sì fún padà bíi rọ́bà kànnàkànnà, á ju ara síwájú. Agbára ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bí rọ́bà yìí bá dẹ̀, ẹran ara ló máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹran ara sì ń jẹ ọ́síjìn, ó ń jẹ oúnjẹ tí a tọ́jú pa mọ́ sínú ara. Ẹrù wúwo ló ń mú iṣan náà le. Òun náà ló ń kọ́ ọpọlọ láti pe ẹran ara púpọ̀ síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi máa gba ìdá kékeré lára agbára tó wà nílẹ̀. Ní kìlómítà 35, nígbà tí ìbàdí ti ń rọ̀, tí ìṣísẹ̀ ti ń kúrú, ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ ti ń hàn.

Ní ti ara kíki tí wọ́n ń bẹ̀rù, Robert Hickson ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Amẹ́ríkà ní 1980. Nínú àwọn tó ń da irin pọ̀ mọ́ ìdánrawò èémí, agbára irin ló dúró sójú kan, tó tún wá ń lọ sílẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Èémí wọn ò bàjẹ́.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti lé lógójì ọdún tó ń sáré lójoojúmọ́ láìgbé nǹkan kan. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ ni ẹran ara ti ń dín kù, eré jẹ́jẹ́ nìkan ò sì lè dá a dúró. Fún àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù wọn ti fẹ́ dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ náà dé egungun, nítorí ẹrù wúwo ni egungun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

[Ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lórí ọ̀dà. Fèrè.]

ASỌ̀TÀN: Láti oṣù Kejì ọdún 2016 ni Èkó ti ní màrátọ́ọ̀nù tirẹ̀, tó ń gba orí Afárá Third Mainland kọjá, afárá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, tí kò ní ibòji. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún un, irin fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń gbé ní ọgbọ̀n ìgbà ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Eré ti ń kọ́ yín ní ìfaradà. Ẹrù wúwo, ìgbà díẹ̀, kí ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ fi sí ọjọ́ tí eré yín le, lẹ́yìn eré, kí ọjọ́ ìsinmi lè jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ìdíje bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má pa á tì. Ẹni tí kò gbé irin rí, kó kọ́kọ́ fi oṣù kan tàbí méjì gbé ẹrù fífúyẹ́, kó fi kọ́ bí a ṣe ń lóṣòó tí ẹ̀yìn ò ní tẹ̀, tí gìgísẹ̀ ò ní gbéra nílẹ̀.

Bí kò bá sí owó jíìmù, àtẹ̀gùn wà. Ẹ dúró sí etí rẹ̀, kí iwájú ẹsẹ̀ nìkan wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì ti ara sókè pẹ̀lú sùúrù. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti rọrùn, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣe é. Bí ẹsẹ̀ kan náà bá rọrùn, ẹ kó ìrẹsì sínú báàgì, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn.

[Orin wọlé.]