Ẹnu Ẹni Tí Ó Yè É

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó; nínú ènìyàn 20 tí ó mú, 8 kú. Dókítà Ada Igonoh yè é, ó sì ròyìn ní gbangba bí òun ti ń fi tipátipá mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Yaba. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn lé ìbẹ̀rù ju ìkéde lọ.

Ikọ́ ife ńkọ́? Oògùn oṣù 6 ń wò ó, síbẹ̀ àwọn ènìyàn wa ń fi í pamọ́ títí dé ibojì. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìwòsàn (a kò ní kí ẹ wá tọrọ àánú), ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. A ó fún yín láyè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.