Eré Tó Ní Òun Kì í Ṣe Eré

Eré kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ There Is No Game: Wrong Dimension. Draw Me A Pixel, iléeṣẹ́ kékeré kan nílẹ̀ Faransé, ló gbé e jáde lọ́dún 2020. Pascal Cammisotto ló ṣẹ̀dá eré náà. Ẹ̀dà rẹ̀ tó kéré ló kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 2015, fún ìdíje àwọn tó ń ṣe eré.

Bí ẹ bá ṣí i báyìí, ohùn kan á ní kò sí eré kankan níbẹ̀, kí ẹ yáa wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹ má dá a lóhùn! Ẹ tẹ orúkọ eré náà lójú kọ̀ǹpútà léraléra; lẹ́tà kan á já bọ́, òun gan-an lẹ ó sì fi yanjú ìṣòro tó kàn. Bí inú ṣe ń bí ohùn yẹn tó, bẹ́ẹ̀ lẹ̀rín ń pa èèyàn.

Lẹ́yìn náà lẹ ó bọ́ sínú àwọn eré tí eré yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ó pàdé Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn, àti Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ó dé inú eré akọni kan tó jọ eré tí wọ́n ń pè ní Zelda. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù: eré akọni ọ̀hún á ṣàdédé di ọ̀fẹ́, ìpolówó á wá gba gbogbo ojú rẹ̀, owó ni wọ́n á sì máa béèrè lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹni tó ti gbé eré ọ̀fẹ́ sórí fóònù rí mọ ìyà yẹn dáadáa.

Ó wà fún kọ̀ǹpútà, ó wà fún fóònù. Bó bá sì ta kókó, ìrànlọ́wọ́ wà nínú eré náà fúnra rẹ̀.