"Mo Ti Gbà Á" Kò Tíì Jẹ́ "Ó Ti Wà Nípamọ́"

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣàngó, Ìbàdàn

 

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ owó ófátáìmù wa. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ṣiṣẹ́ mọ́jú. Akọ̀wé kọ wákàtí wọn sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ sì dáhùn pé òun ti gbà á. Iná lọ. Nígbà tí iná dé, a kò rí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀. Ọ̀gá kan wò mí lójú, ó ní, "Kọ̀ǹpútà kì í purọ́." Ìwé ọlọ́dẹ ẹnu géètì, tí wọ́n fi bírò kọ, ló gbà wá sílẹ̀. A gba owó náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Ní ọ́fíìsì ńlá, kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé jókòó tì lè má jẹ́ ibi tí ìwé ń sùn. Wáyà so ó mọ́ òmíràn tó ń tọ́jú ìwé fún gbogbo wọn, sáfà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni NFS. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1984, wọ́n sì ń lò ó títí di òní.

Ẹ̀yin awakọ̀, èyí kò ní ṣòro fún yín. Ẹ gbẹ́rù ní Ṣàngó, ó ń lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀dà wébìlì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún ní "mo ti rí i," bẹ́ẹ̀ ẹrù ṣì wà níta nínú òjò, kò tíì wọ ilé ìkẹ́rù. Bí ẹ bá ya ẹ̀dà yín dànù nígbà náà, tí ẹrù wá sọnù, kí lẹ ó fi jà?

NFS ẹlẹ́ẹ̀kejì kò gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Sáfà kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà á àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí díìsìkì. Ó dájú, ṣùgbọ́n ó ń fà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó jáde ní 1995, gbà kí sáfà kọ́kọ́ gbé e sí mẹ́mọ́rì kó sì dáhùn kíákíá. Mẹ́mọ́rì yìí, bí iná bá lọ, ohun tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn. Nítorí náà wọ́n ṣe òfin: ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀dà tirẹ̀ nù títí yóò fi tún béèrè pé, "Ṣé ó ti dórí díìsìkì?" Sáfà sì ní àmì kan tó máa ń yí padà bí ó bá kú tó tún jí. Bí àmì ìdáhùn kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ronú kan èyí, àfi bí ẹni pé ó ti gbé Ìbàdàn rí!

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú wà, async ni orúkọ rẹ̀, tí sáfà yóò fi ní "ó ti dórí díìsìkì" nígbà tí kò tíì débẹ̀. Nínú irinṣẹ́ NFS ti Linux, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láìbéèrè, títí dé ẹ̀dà 1.0.0. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ irọ́ kíákíá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi yàn án. Mo fura pé irú èyí ló ṣe wá, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n fojú kan ẹ̀rọ náà.

Àṣìṣe mìíràn wà nínú kánẹ́ẹ̀lì Linux gan-an, èyíinì ni ọkàn rẹ̀ tó ń darí ìyókù. Bí díìsìkì tàbí wáyà bá kọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí akọ̀wé ti lọ, kánẹ́ẹ̀lì a fi àmì sílẹ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè nìkan ló ń gbọ́. Wọ́n á pa àmì rẹ́, wọ́n á sọ fún ẹnì kejì pé kò séwu. Àfi bí ẹni tó kọ́kọ́ ka lẹ́tà ìdáṣẹ́dúró lára pátákó bá já a lọ sílé! Ní 2017, Jeff Layton, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ NFS nínú Linux, tún un ṣe, ó sì wọ inú ẹ̀dà 4.13. Dípò àmì tí wọ́n ń pa rẹ́, ó fi nọ́ńbà síbẹ̀. Olúkúlùkù tó ṣí fáìlì ń rántí nọ́ńbà tó rí kẹ́yìn. Bí ó bá ti yí padà, wọn yóò sọ fún un. Kò sí pé ẹnì kan gbọ́ fún ẹlòmíràn mọ́.

Ní 2018 àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ẹ̀rọ ìkówèésí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, rí i pé ọ̀fìn kan náà ni àwọn ti ń tẹ̀ lé lórí. Bí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá kùnà, wọ́n á tún béèrè, wọ́n á gbọ́ "ó ti dára," bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ti lọ. Láti 2019, bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà á dúró pátápátá, á sì tún iṣẹ́ ṣe láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Lédè tiwa, ó daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: láti 2004, ẹni tó bá mú àtúnṣe wá sínú Linux ní láti fọwọ́ sí i, ẹni tó gbà á wọlé náà á fọwọ́ sí i, gbogbo ayé sì lè kà á. Àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn kò sọ rí pé kò lè purọ́.

Ní báyìí wọ́n fẹ́ mú ìwé géètì kúrò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti tó. Ohun tí a ó gbé síwájú wọn ni pé kí ìwé náà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ àkọsílẹ̀ wákàtí jáde ní òpin ìṣípò kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé àti aṣojú òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wa. Ọjọ́bọ̀ ni a ó rí wọn. Ẹnikẹ́ni tí wákàtí rẹ̀ bá ti pòórá rí, kí ó mú ìwé ìsanwó rẹ̀ wá fún mi kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.