Ọ̀rọ̀ Lórí Ìkòkò Ọbẹ̀ àti Ọṣẹ Ìfọyín
(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa)

  

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni mo wá dáhùn. Ẹ ní wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà pé fluoride inú ọṣẹ ìfọyín ń ba ọpọlọ jẹ́, pé ìkòkò àlùmíníọ̀mù sì ń fa àrùn ìgbàgbé. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fluoride ló ń jẹ́ kí eyín le, kó má tètè jẹrà. Díẹ̀ rẹ̀ dáa, àpọ̀jù rẹ̀ ni kò dáa. Bí ọmọ kékeré bá ń gbé ọṣẹ yìí mì lójoojúmọ́, eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ní àbàwọ́n. Nínú omi mímu, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan. Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 so èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ làákàyè ọmọdé tó ń dín kù. Wọn ò rí ẹ̀rí tó tó nípa èyí tó kéré sí i. Nítorí náà, ẹ má da ọṣẹ yín nù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, èyí tó tó hóró ìrẹsì kan ti tó o. Láti ọdún 3 sí 6, kò gbọdọ̀ ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Ẹ dúró tì í, kó tu ú dànù.

Ó wá ku ìkòkò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ìkòkò ló ń fa àrùn ìgbàgbé. Kídìnrín tó dá ṣáṣá máa ń tọ èyí tó pọ̀ jù nínú àlùmíníọ̀mù tó wọ ẹ̀jẹ̀ dànù. Ẹni tí kídìnrín ń dà láàmú ló yẹ kó ṣọ́ra jù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni òjé. Àwọn ìkòkò kan wà tí wọ́n ń yọ́ ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì àti agolo rọ, òjé sì lè bá a wọlé. Ní 2017, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìkòkò 42 irú èyí jáde, láti orílẹ̀-èdè 10. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta tó lè kó òjé sínú oúnjẹ débi tó léwu. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè ní kò léwu. Ẹ ò lè fojú rí i, ẹ ò lè tọ́ ọ wò.

Ohun tó bá kan ló ń jẹ ìkòkò: tòmátò, ọsàn wẹ́wẹ́, ògì. Ìyá mi ta oúnjẹ lọ́jà títí ó fi dàgbà. Àràárọ̀ ló ń fi eérú ha inú ìkòkò rẹ̀ títí á fi dán bíi dígí, gbogbo wa sì ń yìn ín. A ò mọ̀ pé ara dúdú tó ń ha dànù yẹn ló ń dáàbò bo ọbẹ̀.

Ẹ má fi ọbẹ̀ sun inú ìkòkò àlùmíníọ̀mù mọ́jú. Ẹ dà á sínú abọ́ tánganran. Ẹ má fi kànìnkànìn irin ha inú rẹ̀. Ọbẹ̀ ata àti ògì, ìkòkò sítéńlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ fi sè é.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta ìkòkò wà láàárín wa, wọ́n sì ti ń wò mí báyìí! Ẹ má bínú. Mi ò ní kí ẹ palẹ̀ ọjà mọ́. Sítéńlẹ́ẹ̀sì wọ́n, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹgbẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí Alága ni pé lọ́dún yìí, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àyálò: kí olóúnjẹ fi ra ìkòkò kan, kí oníkòkò fi kó ọjà tuntun. Àwọn ọmọ tó ń ra ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, ọmọ wa ni wọ́n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà á tà o.