Ara Líle ni Ojú Owó Wa

A kú ìfilọ́lẹ̀ owó gbọ̀ngàn wa ní Kánò yìí. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, n kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Sabon Gari. Ohun tí ojú mi rí ni wọ́n ní kí n wá sọ.

Ní ọdún 2019, níbi àríyá ẹgbẹ́, wọ́n ní kí àwọn bàbá bá àwọn ọ̀dọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Bí mo ti dìde lórí àga báyìí ni mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo bọ́ sí pápá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sáré lé bọ́ọ̀lù, mo sì gbọ́ ‘pà!’ Ó dà bí ẹni pé wọ́n ju òkúta lù mí lẹ́sẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ẹnìkan. Iṣan gìgísẹ̀ mi ni ó já. Nígbà tí a délé, a fi omi gbígbóná àti òróró fọwọ́ ra á kíkankíkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ ti wú.

Oṣù mẹ́ta ni n kò fi dé ìsọ̀. Àwọn oníbàárà mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó tí mo tọ́jú kí ọmọ mi fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni a ná sí ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì jókòó sílé ní odidi ọdún kan. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣeé wò fún mi.

Ẹ̀yin ará, ṣé bọ́ọ̀lù ni ó ṣẹ́ mi? Rárá o. Ogún ọdún tí mo fi jókòó ni. Láti orí ibùsùn sínú kẹ̀kẹ́ Napep, láti inú kẹ̀kẹ́ sórí àga ìsọ̀, láti orí àga padà sílé oúnjẹ. Ara tí ó ti sùn tó bẹ́ẹ̀, a kì í fi ariwo jí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú ara gbóná, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́. Kí o lè sọ̀rọ̀ bí o ti ń rìn, ṣùgbọ́n kí o má lè kọrin: ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò rìn rí, kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Wọ́n ní kí a tún fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Nínú ìsọ̀ rẹ, dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, kí o tún jókòó, nígbà mẹ́wàá. Kò gba owó.

Kí ẹ tó ṣe eré líle, ẹ kọ́kọ́ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ máa ju apá. Ẹ má fi sílípáàsì sáré. Bàtà tí ó di gìgísẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ mọ bí oòrùn Kánò ti ń mú: àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ rìn, kí ẹ sì mu omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìdì aṣọ, ẹ má tẹ ẹ̀yìn gbé e. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ fà á mọ́ àyà, ẹ fi ẹsẹ̀ yí, ẹ má fi ìbàdí yí. Èyí tí ó bá wúwo, ẹ pe ẹnìkejì.

Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, ẹ dá eré dúró. Ẹ fi aṣọ wé omi inú ọ̀rá tí ó ti dì, ẹ fi lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má ra á, ẹ má fi omi gbígbóná sí i ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ‘pà’, tàbí tí ẹ kò lè fi tẹ ilẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí òyì ń kọ́ni, ẹ dúró, kí ẹ wá dókítà kíákíá. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kí ó rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré líle.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ kò ju méjì lọ. Kí a máa jọ rìn ní àràárọ̀ Sátidé, tọkùnrin tobìnrin. Kí a má sì tún pe bàbá kankan sí pápá bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ó ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan múra. Gbọ̀ngàn tí a ń dá owó sí yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wọ̀ ọ́. Olúwa yóò dá ẹ̀mí wa sí.